Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Ti Kòríà Ni Yóò Pẹ́ Jù, àbí ti Jàpáànù?

Lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí èèyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìdílé tí yóò lò fún ọdún mẹ́wàá, ti Kòríà ni kó rà ni, àbí ti Jàpáànù? A mú díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, a sì fèsì sí wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èèyàn márùn-ún ni wá nínú ilé. Àlòkù méjì ni mo rí tí owó mi ká: Hyundai Sonata 2012 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, àti Toyota Camry ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì ti rin nǹkan bí 150,000 kìlómítà. Àbúrò mi ní ọkọ̀ Kòríà kì í dalẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ayé ti yí padà, pé Kia ló gba ipò kìíní nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́. Lọ́dún 2022, Kia ló ṣíwájú gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ nínú ìwádìí ìfaradà tí J.D. Power, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan, máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ bi í léèrè, ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n wò? Ọdún mẹ́ta. Nínú ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tó sábà máa ń da ọlọ́kọ̀ láàmú ni rédíò, fóònù tí kò bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, àti bíríkì tó ń han. Béárìn inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin tí ọ̀pá tó ń yí jókòó lé, kò tíì lanu sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju eéje lọ: láti 150,000 kìlómítà títí dé 300,000 ni a ó ti mọ ọkọ̀ tó jẹ́ ọkọ̀. Níbẹ̀ yẹn, Toyota ṣì wà níwájú, Honda àti Mazda ń tẹ̀ lé e, Hyundai àti Kia wà lẹ́yìn wọn.

Kò sí idán kankan nínú ohun tó gbé Toyota síwájú. Wọn kì í tètè yí nǹkan padà ni. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 2ZR-FE wà nínú Corolla fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ. Bí àléébù bá fara hàn lọ́dún kejì, wọ́n á tún un ṣe, àwọn tó bá ra ọkọ̀ lọ́dún kẹrin kò ní bá a pàdé mọ́. Hyundai àti Kia ń sáré ní tiwọn. Nígbà tí Sonata tuntun jáde ní 2011, ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà ni wọ́n gbé sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní Theta II. Òun gan-an ló wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn dáadáa, nítorí òun ló ba ọkọ̀ Kòríà lórúkọ jẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ihò ọ́ìlì sínú kiráńkì, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tí pístìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, irun irin kéékèèké kù sínú ihò náà, wọn kò sì fọ̀ ọ́ kúrò tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á gbé irun irin yìí lọ sí béárìn tó so rọ́ọ̀dù pístìn mọ́ kiráńkì, á dí ọ̀nà ọ́ìlì níbẹ̀. Béárìn tí ọ́ìlì kò dé bá á gbóná, á jẹ, àyè á sì ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti kiráńkì. Àyè yẹn ló ń dún. Bí ẹni tó ń wà á bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè gan pa lójú ọ̀nà, tàbí kí rọ́ọ̀dù já kó sì lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Hyundai ké sí nǹkan bí 470,000 Sonata ti 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà láti tún wọn ṣe. Ní 2017, òun àti Kia tún ké sí ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 1.2, tó fi mọ́ Sonata 2013 àti 2014, Santa Fe Sport, Optima, Sorento àti Sportage.

Camry 2012 ní ẹ́ńjìnnì 2.5, 2AR-FE. Kò ní àrùn yìí. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ọ́tà-pọ́m̀pù: ẹ tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí béélítì wà, kí ẹ wò ó bóyá èérún aláwọ̀ osùn tó ti gbẹ wà lára irin níbẹ̀. Bó bá wà, omi ti ń jò. Èyí kò ju pé kí wọ́n pààrọ̀ pọ́m̀pù kan lọ, ẹ́ńjìnnì kò ní kú sí i bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbóná jù.

Nítorí náà, Camry ni kí ẹ rà. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú wa yí ọ̀rọ̀ yìí padà: kí ẹni tó ń ta Sonata mú ìwé jáde tó fi hàn pé ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ọjọ́ àti iye kìlómítà sì wà lórí ìwé náà. Kó sọ ọ́ lẹ́nu lásán kò tó. Ẹ tún gbọ́ èyí: Sonata tó ṣáájú rẹ̀, ti 2006 sí 2010, kì í fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n ké sí lọ́dún méjèèjì yẹn. Ọkọ̀ tó dàgbà jù lè jẹ́ èyí tó sàn jù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ká kàn gbà pé ọkọ̀ Jàpáànù yòówù ló dára? Nissan Altima 2014 kan wà tí owó rẹ̀ rọjú gan-an.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Owó rẹ̀ rọjú nítorí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. CVT ló wà nínú rẹ̀. Gíá yìí kò ní eyín bíi ti àtijọ́. Béélítì irin kan ló ń sáré láàárín púlì méjì, púlì ń fẹ̀, ó ń sún mọ́ra, ibẹ̀ ni ìyára ti ń yí padà. Béélítì yìí kò gbọdọ̀ yọ̀ lára púlì rárá. Bí ọ́ìlì gíá bá gbó, tàbí tó gbóná kọjá ààlà, béélítì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á ha ojú púlì, irin lẹ́búlẹ́bú á wọnú ọ́ìlì, ó parí nìyẹn. Nissan fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: fún Altima 2013 sí 2016 ní Amẹ́ríkà, ó sọ àkókò tó fi ń dúró fún gíá, ìyẹn àkókò tí òun fúnra rẹ̀ á fi tún un ṣe bó bá bàjẹ́, di oṣù 84 tàbí 84,000 máìlì, èyí tó jẹ́ bí 135,000 kìlómítà. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ti kọjá àkókò yẹn tipẹ́.

Bí ọkàn yín kò bá kúrò lára rẹ̀, ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún dán an wò. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí gíá fi gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ gun òkè pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dúró lórí òkè náà, kí ẹ tún gbéra. Bó bá ń gbọ̀n bí ìgbà tí taya ń gun pákó, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó rẹ̀.

Toyota pàápàá ní ibi tó kù sí. Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, 2AZ-FE, máa ń jẹ ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ lára pístìn kéré jù, èédú á dí i, ríìngì á lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, ọ́ìlì á máa gòkè lọ jóná. Òṣùwọ̀n tí Toyota fi ń dá a lẹ́jọ́ ni kúọ́ọ̀tù kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, láàárín 1,200 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 1,900 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ríìngì àti pístìn ló fẹ́. Àwọn kan ń da ọ́ìlì tó ki sí i. Ìyẹn kò wo ọgbẹ́ náà sàn, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Honda tó ní ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) ní béélítì táímínì, èyí tó ń mú kí pístìn àti fáàfù ṣiṣẹ́ pọ̀ láìkọlu ara wọn, kì í ṣe ṣéènì. Bó bá ti tó 160,000 kìlómítà tàbí ọdún méje, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ́tà-pọ́m̀pù, nítorí bó bá já lójú ìrìn, pístìn á lu fáàfù, gbogbo wọn á tẹ̀. Gíá àwọn V6 Honda láti 1999 sí 2004 náà kò lágbára tó.

Ní 2024, Toyota ké sí nǹkan bí 102,000 Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023, nítorí pé irun irin kù sínú ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n ṣe. Àrùn kan náà tí a sọ nípa Sonata lókè yẹn ni. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹni yòówù kó ṣe é. Ẹ jẹ́ kó lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì kí ẹ tó fi owó yín sí i.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kí n wá èyí tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù gan-an tàbí ní Kòríà gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, VIN, èyí tó ní àmì 17. J ló bẹ̀rẹ̀ ti Jàpáànù, K ló bẹ̀rẹ̀ ti Kòríà, 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 2 sì jẹ́ ti Kánádà. Àmì kẹwàá, ìyẹn ọdún ọkọ̀, ló wúlò jù: B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tò ó pọ̀ kì í gba ọkọ̀ là. Ẹ fi VIN yẹn wo ìwé ìkésípadà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, máa sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá iṣẹ́ kan ṣì wà tí wọn kò ṣe lára rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ Jàpáànù, ẹ wo ọ̀rọ̀ éàbáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣí bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ṣáájú ohun gbogbo. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè bú, kó sì fọ́n irin sí awakọ̀ lójú. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má gbé ọmọ sínú ọkọ̀ náà.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì mi mọ Toyota dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọkọ̀ Kòríà. Kia Optima kan wà tí a fẹ́ lọ wò, ó ti rin 160,000 kìlómítà. Kí ni ká yẹ̀ wò, kí sì ni ká fi ṣáájú?

ÌDÁHÙN: Ẹ pe ẹni tó ni ín ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé kó má tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ti fi àṣírí rẹ̀ pa mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí.

Kí ẹ tó tan án, ẹ fa ọ̀pá géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àyè tó wà láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tó bíi lítà kan. Ọ́ìlì tó bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, ẹni tó ni ín kì í wò ó, ẹ́ńjìnnì náà sì ti jìyà. Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí ìwé funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Dúdú kò burú. Ohun tí ẹ ń wá ni ìtànṣán: bó bá ń dán bí ìgbà tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú fàdákà mọ́ ọn, béárìn ti ń jẹ, ẹ máa lọ.

Ẹ wá tan án. Ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà máa ń ṣe tíkí-tíkí-tíkí fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè, ìyẹn kò léwu, ibi tí epo ń gbà wọlé ló ń dún. Èyí tó léwu ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó nípọn, ó ń ṣe gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ bí ẹni fi ọmọ odó gbá ògiri, ó sì ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ẹ gbé e sókè dé bíi 2,500 lójú géèjì RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi sílẹ̀ lójijì, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Béárìn tó ti jẹ sábà máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ so ẹ̀rọ skáànù, èyí tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, mọ́ ọn. Kóòdù tí ẹ ń wá ni P1326. Lẹ́yìn wàhálà Theta, Hyundai àti Kia fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kó lè máa fi sẹ́ńsọ̀ gbọ́ ìró béárìn kó tó dún sétí èèyàn. Bó bá ti gbọ́ ọ, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ kọjá bíi 2,000 lójú géèjì RPM mọ́. Bí skáànù bá fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbogbo kóòdù rẹ́ lónìí tàbí lánàá, ohun kan ni wọ́n ń fi pa mọ́.

Ó ku sítíárìn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, kí ẹ yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, níbi tó dúró sí. Bó bá ń ṣe kọ́-kọ́ nínú àtẹ́lẹwọ́ yín, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á sáré lọ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á pààrọ̀ réékì, irin tó ń fa taya sọ́tùn-ún sósì, ìró náà kò sì ní lọ. Òrùka rọ́bà kékeré kan, tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, ló wà láàárín mọ́tò sítíárìn àti ọ̀pá rẹ̀, lókè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá gbó, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà gbígbẹ. Nǹkan kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta tí wọ́n fi ń tú ọ̀pá náà sílẹ̀ ló gba owó. Ẹ má tìtorí èyí sá fún ọkọ̀. Ẹ kàn yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

ÌBÉÈRÈ: Bí ọkọ̀ Kòríà kò bá lágbára, kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró fún un fún ọdún mẹ́wàá?

ÌDÁHÙN: Nítorí orúkọ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1998, Hyundai ṣèlérí ọdún mẹ́wàá tàbí 100,000 máìlì lórí ẹ́ńjìnnì àti gíá ní Amẹ́ríkà, kí àwọn èèyàn tí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ lè padà wá. Ìlérí rere ni, ẹni tó ra ọkọ̀ ní tuntun sì jèrè rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ fún. Tó bá ti di àlòkù, ọdún márùn-ún tàbí 60,000 máìlì ló kù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ní Yúróòpù, ọdún méje ti Kia máa ń bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó tún un rà, bí ìwé àyípadà ọ́ìlì rẹ̀ bá pé. Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ra ọkọ̀ Kòríà ná, inú mi sì dùn sí i. Kí ni mo máa ṣe kó lè dé 300,000 kìlómítà?

ÌDÁHÙN: Ó lè dé ibẹ̀. Ọ́ìlì ni ìpìlẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 sí 6,000 kìlómítà bó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ń rìn jù, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá 8,000 lọ́nà kankan. Béárìn Corolla lè fara da ọlọ́kọ̀ tó gbàgbé. Ti Theta kò ní fara dà á. Ẹ lo 5W-30 tàbí èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí ẹ sì lo fílítà tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ máa fa ọ̀pá géèjì wò ní gbogbo ìgbà kejì tí ẹ bá ra epo, nítorí iná ọ́ìlì kì í tàn títí ọ́ìlì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ní ti gíá, ẹ má gbà pé ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ ti ayérayé. Gíá oníṣísẹ̀ mẹ́fà ti Hyundai àti Kia ń lo SP-IV, Toyota ń lo WS, CVT Nissan tuntun ń lo NS-3. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da èyí tó wà nílẹ̀ sí i. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, lítà 3 sí 4 ló máa jáde, èyí tó kù wà nínú kọnfátà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá. Nítorí náà, ẹ tú u, ẹ da òmíì sí i, ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ti pé 60,000 kìlómítà, ó tó àkókò. Bí gíá tiyín bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tó gbẹ, tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì, irú èyí tó wà nínú Tucson 1.6 tábò ti 2016, ẹ má jẹ́ kó máa rákò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí àyè ṣí níwájú, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lọ. Rírákò ló ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Hyundai àti Kia ké sí ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 3.3 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀rọ ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí taya gan bí a bá tẹ bíríkì lójijì: omi bíríkì lè jò sínú pátákó iná rẹ̀, kó sì gbiná, àní nígbà tí ọkọ̀ dúró tí wọ́n ti pa á. Wọ́n ní kí àwọn tó ni wọ́n gbé wọn síta, jìnnà sí ilé, títí wọn yóò fi tún un ṣe. Fíúùsì kan ni wọ́n ń pààrọ̀, kò gba àkókò. Ẹ fi VIN yín wò ó lónìí, bí orúkọ ọkọ̀ yín bá sì wà níbẹ̀, ẹ má gbé e sí abẹ́ òrùlé ibi tí ẹ ń sùn lálẹ́ yìí.